Ẹnì kan ṣoṣo, ipa méjì: bí ẹ ṣe lè fi fóònù ya fíìmù ẹ̀rín tí kò lóhùn

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹnì kan ṣe ń jókòó ti ara ẹ̀ nínú fíìmù? Ṣé ìbejì ni wọ́n ni, àbí AI?" Kì í ṣe ìbejì, kì í sì í ṣe AI. Ní 1921, nígbà tí kọ̀ǹpútà bíi ti òde òní ò tíì sí, Buster Keaton, òṣèré ẹlẹ́fẹ̀, ṣe fíìmù kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ The Playhouse. Òun ló wà lórí ìtàgé, òun ló ń lu gbogbo ohun èlò orin tó wà níwájú ìtàgé, òun náà ló tún jókòó tó ń wòran, lọ́kùnrin, lóbìnrin, lọ́mọdé, ibì kan sì wà níbẹ̀ tí Keaton mẹ́sàn-án tò sórí ìlà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni wọ́n fi ya á o. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn lágbára jù ú lọ fíìfíì.

Mo máa to gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ fi ipa méjì bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì sọ pé mẹ́sàn-án lẹ fẹ́.

## Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí tí kò lóhùn

Torí ó rọrùn jù fún ẹni tó ń dá ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ipa méjì máa bára wọn sọ̀rọ̀, ohùn méjì lẹ máa gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò gbọ́dọ̀ gorí ọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀, ìwàásù tó ń ti spíkà ṣọ́ọ̀ṣì wá náà ò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀. Tí fíìmù ò bá ti lóhùn, gbogbo ariwo yẹn ò kàn yín. Èyí tó tiẹ̀ dáa jù níbẹ̀ ni pé ẹ lè máa ka òǹkà síta nígbà tẹ́ ẹ ń ṣeré lọ́wọ́, ẹ lè ní kí ẹnì kan máa lu ìlù fún yín, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó bá yá. Òǹkà yẹn gan-an ni òpómúléró iṣẹ́ yìí, a máa débẹ̀.

## Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Fóònù kan, kí bátìrì ẹ̀ kún, kí àyè sì wà nínú ẹ̀
- Tripod (ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé fóònù dúró) tí kò ní mì. Tí kò bá sí, ẹ to búlọ́ọ̀kù léra kẹ́ ẹ fi rọ́bà so fóònù mọ́ ọn, ó sàn ju tripod olówó pọ́ọ́kú tí atẹ́gùn ń gbọ̀n lọ
- Téèpù tàbí ṣọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ máa fi sàmì sílẹ̀
- Fóònù kejì tàbí spíkà kékeré tó máa ké òǹkà jáde
- App tí wọ́n fi ń gé fídíò: CapCut tàbí KineMaster lórí fóònù, tàbí DaVinci Resolve tẹ́ ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tó lágbára
- Aṣọ oríṣi méjì tí àwọ̀ wọn jìnnà síra
- Ọ̀rẹ́ kan, tẹ́ ẹ bá rí, kì í ṣe dandan

## 1. Ẹ ya àwọn ipa sọ́tọ̀ lára, kì í ṣe lára aṣọ nìkan

Ibi tí ọ̀pọ̀ skit ti ń bàjẹ́ nìyí. Ẹ wé gèlè fún Màámi, ẹ dé fìlà fún Bàbá, ó parí, àmọ́ ìrìn kan náà ni àwọn méjèèjì ń rìn, ọwọ́ kan náà ni wọ́n ń jù. Nínú skit tó lóhùn ẹ lè fi ohùn gbà á là, ẹ ki ohùn Màámi tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ ki ti Bàbá nípọn. Níbí, kò sí ìyẹn. Ara nìkan ló kù.

Fún ipa kọ̀ọ̀kan ẹ pinnu nǹkan mẹ́ta kẹ́ ẹ tó wá aṣọ: bó ṣe ń rìn, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń wà tí kò bá ṣe nǹkan kan, àti bó ṣe máa ń yára sí tí ẹnì kan bá yọ ọ́ lẹ́nu. Bàbá inú àpẹẹrẹ tí mo máa lò nísàlẹ̀ yìí, ó máa ń rọra ṣe nǹkan, orúnkún ẹ̀ ya síra tó bá jókòó, gbogbo orí ẹ̀ ló fi ń wo nǹkan, kì í fi ojú nìkan wò ó. Ẹnì kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá wá iṣẹ́, ó kó orúnkún jọ, ọwọ́ ẹ̀ wà láàárín itan, ojú ẹ̀ nìkan ló ń yí kiri.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ wọ aṣọ kan náà fún méjèèjì, ẹ ya fídíò kékeré kékeré, ẹ fi han ẹnì kan nínú ilé. Tí kò bá lè sọ èwo ni Bàbá, aṣọ ò lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan: tẹ́ ẹ bá lọ wo The Playhouse (ó ti di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ẹ̀tọ́ àdàkọ ò sí lórí ẹ̀ mọ́ níbẹ̀, ẹ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ máa rí i pé àwọn mẹ́sàn-án yẹn, Keaton kun ojú wọn dúdú ni, bí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ṣe máa ń fi aláwọ̀ dúdú ṣẹ̀fẹ̀ lórí ìtàgé láyé ìgbà yẹn. Ẹ kọ́ iṣẹ́ kámẹ́rà ẹ̀, ẹ fi kíkun ojú yẹn sílẹ̀ fún wọn. Àwa náà níbí, kí ipa kejì má ṣe di arọ tàbí afọ́jú torí pé a kàn fẹ́ kó yàtọ̀ jàre.

## 2. Ẹ wá ibi tí ìlà máa gbà

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò ju èyí lọ: ẹ ya àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ kí kámẹ́rà mì, ẹ̀yin lápá òsì nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yin lápá ọ̀tún nígbà kejì, ẹ wá gé e láàárín kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ibi tí gígé yẹn gbà ni mò ń pè ní ìlà.

Ìlà ò gbọ́dọ̀ gba ibi tí nǹkan ti ń mì. Kọ́tìnì tí fáànù ń fẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ojú pópó tí ọ̀kadà ń kọjá, rárá o. Ẹ jẹ́ kó gba etí ilẹ̀kùn, òpó, ìgun ògiri, tàbí ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Tẹ́ ẹ bá rí òpó tó dúró gbọnrangandan láàárín àwòrán, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Àpẹẹrẹ tèmi: bẹ́ǹṣì kan níwájú ògiri, Bàbá jókòó lápá òsì pẹ̀lú ìwé ìròyìn, ọ̀dọ́mọkùnrin jókòó lápá ọ̀tún tó ń yọjú ka ìwé náà. Ìlà gba àárín bẹ́ǹṣì lọ sókè. Ẹ fi téèpù sàmì sí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, torí pé nígbà tẹ́ ẹ bá dìde lọ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ǹṣì máa sún, ó lè má ju ìka kan lọ, àmọ́ nínú àwòrán ẹ máa rí bẹ́ǹṣì tó kán sí méjì.

Ẹ wo òjìji náà. Tí iná tàbí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ òsì wá, òjìji Bàbá máa sùn sápá ọ̀tún, bẹ́ ẹ bá wá gé e ní ìlà, òjìji náà máa gé bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ gbé iná wá síwájú, sókè díẹ̀, kí òjìji lè ṣubú sẹ́yìn.

## 3. Ẹ kọ òǹkà sílẹ̀

Ẹ má fojú fo èyí o. Lára ìṣòro tí Keaton ní ni pé orí fíìmù kan náà ló ń ya gbogbo wọn sí: wọ́n bo ojú kámẹ́rà, wọ́n ṣí apá kan, wọ́n ya á, wọ́n yí fíìmù padà sẹ́yìn, wọ́n ṣí apá míì. Tó bá ṣe tán lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tó wá ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà kẹsàn-án, mẹ́jọ tó ti ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn. Elgin Lessley ló ń yí kámẹ́rà, ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kò sì gbọ́dọ̀ falẹ̀ jù ú. Níbi tí Keaton méjì ti jọ ń jó, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù orin, metronome, ni wọ́n tẹ̀ lé kẹ́sẹ̀ wọn lè bára mu. Ẹ̀yin ò ní ìṣòro fíìmù yẹn, tékì kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ohun tẹ́ ẹ yà lẹ́ẹ̀kan) dá wà lórí fóònù, èyí tó bàjẹ́ lẹ máa tún ṣe. Ti òǹkà ṣì wà síbẹ̀ digbí.

Bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ nìyí, òǹkà kan fún ìṣẹ́jú àáyá kan:

1. Ení dé ẹ̀rin: Bàbá ṣí ìwé ìròyìn. Ọ̀dọ́ ń wo iwájú.
2. Àrún dé ẹ̀jọ: Bàbá ń kà á. Ọ̀dọ́ fi ojú nìkan wò ó, lẹ́yìn náà ọrùn, lẹ́yìn náà gbogbo àyà.
3. Ẹ̀sán: Bàbá dúró gbagidi, kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀dọ́ ò mọ̀.
4. Ẹ̀wá: Bàbá yí orí. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ọ̀dọ́ wo òkè bí ẹni ń ka igi àjà.
5. Ọ̀kànlá dé ẹ̀tàlá: wọn ò mira.
6. Ẹ̀rìnlá: Bàbá ṣí ojú ewé míì. Ọ̀dọ́ na ọwọ́ sókè pé òun ò tíì kà á tán.

Ẹ wo ẹ̀sán yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà, kì í ṣe ibi tí Bàbá ti yí orí. Òǹwòran ti mọ̀ pé Bàbá ti fura, ọ̀dọ́ ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá sáré kọjá níbẹ̀ kò ní pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ẹ wá gba òǹkà náà sílẹ̀ lórí fóònù kejì, pẹ̀lú ohùn yín: "Ó ti yá… ení, èjì, Bàbá ṣí i, ẹ̀ta…" títí dé òpin. Ohùn yìí lẹ máa ké jáde nígbà tékì méjèèjì. Àǹfààní kejì tó ní ni pé kámẹ́rà máa gbà á sílẹ̀ nínú fídíò méjèèjì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀ ẹ kàn máa mú ohùn bá ohùn mu ni, lẹ́yìn náà ẹ pa ohùn náà.

## 4. Ẹ de kámẹ́rà mọ́lẹ̀

Ìyẹn ni pé ẹ máa gba gbogbo agbára tó ní láti pinnu nǹkan fúnra ẹ̀:

- Ẹ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ títí tí AE/AF Lock (tó ń ti ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì pa síbì kan) á fi jáde, tàbí kẹ́ ẹ lo Pro mode lórí Android. Bẹ́ ẹ ò bá ṣe é, tẹ́ ẹ bá wọ aṣọ funfun fóònù máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ògiri yín á di àwọ̀ méjì.
- Ẹ ti white balance (bí fóònù ṣe ń pinnu àwọ̀) náà pa síbì kan tí fóònù yín bá gbà á.
- Ẹ pa stabilization, ohun tí fóònù fi ń dín mímì àwòrán kù. Ó máa ń sún àwòrán díẹ̀díẹ̀ lórí tripod, ẹ ò ní rí i títí dìgbà tẹ́ ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́.
- Iná mọ̀nàmọ́ná Nàìjíríà àti ti Britain, 50Hz ni, ẹ ya á ní 25 fps (àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kí iná má máa ṣẹ́ wàlàwàlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, 60Hz ni tiyín, 30 fps ló bá a mu.
- Ẹ fi fóònù sí airplane mode. Ìpè kan ṣoṣo ti tó láti já tékì, ẹ̀yin náà á sì lọ fọwọ́ kan fóònù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa ya lọ láìdúró: ẹ ṣe Bàbá, ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ, ẹ padà wá ṣe ọ̀dọ́, ọwọ́ yín ò kan fóònù rárá láàárín. Fídíò á gùn, kò burú, ẹ máa gé e.

Ti NEPA ńkọ́? Tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín tékì kìíní àti ìkejì, tẹ́ ẹ sì tan jẹnẹrétọ̀, iná lè má rí bákan náà mọ́, ìlà máa hàn. Ẹ fi iná oníbátìrì tan ibẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ tan jẹnẹrétọ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ariwo ẹ̀ ò sáà kàn yín. Ìta gbangba? Oòrùn ń rìn, ìkúùkù ń kọjá. Abẹ́ òjìji ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kíá, aṣọ ìsàlẹ̀ ẹ wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀ sínú.

## 5. Ẹ ya á

Ẹni tó ń darí ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ ya. Níbí Bàbá ni, torí òun ló ń ṣí ìwé, òun ló ń yí orí, ọ̀dọ́ kàn ń fèsì ni. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ ya ẹni tó ń fèsì, ẹ máa máa fèsì sí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ojú ńkọ́? Ẹ̀rù ibẹ̀ ló máa ń ba àwọn èèyàn, wọ́n á máa wo afẹ́fẹ́, ojú wọn á kọjá orí ẹnì kejì. Ohunkóhun tó bá wà ní apá kejì ìlà, ẹ máa gé e sọnù ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín jókòó síbẹ̀ gangan, ẹ máa wojú ẹ̀, ẹ tiẹ̀ lè bá a jà. Kò ní hàn. Tí kò bá sí ọ̀rẹ́, ẹ fìlà kọ́ orí ìgbálẹ̀ kẹ́ ẹ nà án dé gíga ojú yín. Àmọ́ kí òjìji wọn má kọjá ìlà, ọ̀rẹ́ yín náà ò sì gbọ́dọ̀ wọ aṣọ pupa tó ń kọ yànràn sára ògiri.

Kẹ́ ẹ tó tú aṣọ Bàbá, ẹ wo tékì náà. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ọwọ́, orúnkún tàbí etí ìwé ìròyìn kọjá ìlà. Ìwé ìròyìn ló máa ń dáràn jù, ó fẹ̀.

## 6. Ẹ lẹ̀ ẹ́ pọ̀

Nínú CapCut (àwọn yòókù fara jọ ọ́):

1. Ẹ gbé tékì Bàbá sórí timeline, ibi tí wọ́n ń to fídíò sí.
2. Ẹ tẹ Overlay, ẹ mú tékì ọ̀dọ́ wá, ẹ fẹ̀ ẹ́ títí tó fi bo gbogbo àwòrán ìsàlẹ̀ láìku etí kankan.
3. Ẹ gbọ́ "ení" nínú méjèèjì, ẹ sún ọ̀kan títí tí wọ́n á fi di ohùn kan. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ ọ bí ohùn inú kànga, kò tíì bára mu.
4. Ẹ tẹ Mask, ẹ mú èyí tó ń pín àwòrán sí méjì, ẹ yí i títí tó fi dúró lóòró, ẹ gbé e sórí ìlà. Tó bá jẹ́ apá tí kò sẹ́nì kankan ló hàn, ẹ tẹ Invert.
5. Ẹ rọ etí ẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú Feather, díẹ̀ ni o. Tó bá pọ̀ jù, ejìká ẹnì kan á máa dà bí iwin.
6. Ẹ pa ohùn, ẹ gbé e jáde bí fídíò kan.

Fídíò tó jáde yìí lẹ máa mú kó yára sí i. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn tí wọ́n ń fọwọ́ yí, wọ́n sábà máa ń yí i falẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa fi í hàn lọ, ìdí tí gbogbo wọn fi ń rìn wéréwéré nìyẹn. Ẹ fi 1.2x dán an wò. Tó bá ju 1.4x lọ, èmi ò gbádùn ẹ̀ mọ́. Ẹ má mú kí tékì kọ̀ọ̀kan yára lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, òǹkà máa daru.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ, ẹ kọ ọ́ ní funfun sórí dúdú, gbólóhùn kan, ẹ jẹ́ kó dúró títí tẹ́ ẹ fi kà á síta lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣọ́ra fún fọ́ǹtì: ọ̀pọ̀ tó wà nínú app yẹn máa ń ju àmì sórí lẹ́tà míì, ẹ̀ àti ọ́ á fọ́ yángá. Noto Sans gbà á dáadáa. Orin ńkọ́, fíìmù 1921 ti di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà, orin tí ẹlòmíì fi sí i lẹ́yìn náà lè máà tíì dà bẹ́ẹ̀, ẹ má gé e láti inú ẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan lu gángan lé e lórí.

## Tí wọ́n bá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ara wọn

Ó lè ju ohun tẹ́ ẹ rò lọ. Mary Pickford, òṣèré ayé ìgbà yẹn, ṣe ọmọ àti ìyá nínú fíìmù Little Lord Fauntleroy, 1921 náà ni, ibì kan wà tí ọ̀kan ti fẹnu ko èkejì, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ní ó gbà wọ́n. Ẹ̀yin ẹ wá ọ̀nà ẹ̀bùrú:

- Ẹ gé e. Ẹ fi Bàbá tó na ìwé ìròyìn hàn, ẹ wá sún mọ́ ọwọ́ méjì tó ń gba ìwé (ọwọ́ ọ̀rẹ́ yín nínú apá aṣọ Bàbá), ẹ wá fi ọ̀dọ́ tó mú un dání hàn. Nínú A Night in the Show, 1915, Charlie Chaplin ṣe ọ̀mùtí olówó nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn, ó tún ṣe jàǹdùkú lókè, gígé láti ibì kan sí ibì kejì ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.
- Ẹ bo ojú ẹnì kan. Chaplin náà ló ṣe ọkọ olówó àti aláìnílé nínú The Idle Class. Nígbà tí àwọn méjèèjì máa pàdé, ọkọ wà nínú ẹ̀wù irin tí ibi ojú ẹ̀ ti há, aláìnílé ń fi ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo ṣí i. Ta ló máa mọ ẹni tó wà nínú irin? Ẹ̀yin ní helmet ọ̀kadà, ó ti tó.
- Ẹ fi ẹ̀yìn hàn. Ọ̀rẹ́ yín kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà nínú aṣọ ipa kejì.

## Tó bá jẹ́ TikTok, tí àwòrán dúró lóòró

Èèyàn méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á há jù. Ẹ to wọ́n léra: ọ̀kan lójú fèrèsé òkè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ìlà gba ògiri àárín wọn. Nínú The Playhouse, ọmọ tó wà lókè jẹ́ kí suwíìtì onígi bọ́ lé obìnrin tó jókòó nísàlẹ̀. Ẹ̀yin lè ju èèpo ọsàn. Níbi tó ti máa kọjá ìlà, ẹ gé e sí ojú ẹni ìsàlẹ̀ kó tó bà á.

## Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Ìlà tó gba iwájú ojú tàbí ọwọ́ tó ń mì
- Ipa méjèèjì tó ń mira lẹ́ẹ̀kan náà, òǹwòran ò mọ ẹni tó máa wò. Ọ̀kan ṣe, ọ̀kan dúró
- Aago ara ògiri tó ń ka wákàtí míì lápá kejì, ẹ gbé e kúrò
- Òrùka, aago ọwọ́, èékánná tí wọ́n kùn: Bàbá ò lè ní èékánná pupa àyàfi tó bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ nìyẹn

## Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ju méjì lọ

Ìlà méjì fún ẹni mẹ́ta, òǹkà kan náà. Ẹni àárín lẹ máa kọ́kọ́ ya, torí òun ló ní ìlà lọ́tùn-ún lósì, tí ìgúnpá ẹ̀ bá sì kọjá ẹ máa tètè mọ̀. Ẹ to tékì mẹ́ta, bí kámẹ́rà ṣe yà wọ́n gan-an, sórí ara wọn, ẹ má ṣe gbé méjì jáde kẹ́ ẹ tó wá lẹ ẹ̀kẹta mọ́ ọn, àwòrán ò ní já gaara mọ́. Ibi tí ẹnì kẹta máa jókòó sí, ẹ ti fi téèpù sàmì sí i kẹ́ ẹ tó ya ẹni àkọ́kọ́.